Owó Ṣọ́jà Nínú Ètò Ìṣúná: Iye Tí Wọ́n Pè àti Iye Tí Wọ́n Ná

Ìyá tó ń ta àbọ̀bọ̀, ìyẹn ẹ̀wà sísè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Wàǹdó, nílùú Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Benin níbí, ní rédíò kékeré kan tó fi okùn so mọ́ òpó àtíbàbà rẹ̀. Rédíò yìí ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Wọ́n ka ìròyìn ní Faransé, wọ́n pe iye ètò ìṣúná tuntun, wọ́n sì mẹ́nu ba ààbò ilẹ̀. Kí oníròyìn tó mí, ọ̀dọ́kùnrin oní-zémìjàn (ọlọ́kadà) kan ti gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀: "Gbogbo owó yẹn, ṣọ́jà ló máa jẹ ẹ́!" Àlájì kan tó jókòó ní ọ̀kánkán rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun ní àríwá, ó ní owó náà kò tíì tó rárá. Ariwo gba ibẹ̀ kan. Nígbà tó yá, wọ́n yíjú sí mi, torí wọ́n mọ̀ pé èmi a máa ka ìwé ìjọba bí àwọn mìíràn ṣe ń ka ìròyìn bọ́ọ̀lù. "Ẹ̀gbọ́n, ta ló jàre?"

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n jẹun ná. Ohun tí mo rí ni pé owó kan náà kọ́ ni àwọn méjèèjì ń jà lé lórí. Ọ̀kan ń sọ iye tí wọ́n pè lórí rédíò, èkejì ń sọ iye tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣọ́ igbó. Ọ̀nà tó wà láàárín méjèèjì jìn, ó sì ní kọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi orúkọ iye náà bẹ̀rẹ̀, torí òun gan-an ń dà wá láàmú. Ètò ìṣúná ilẹ̀ Benin fún ọdún 2025 jẹ́ nǹkan bí 3,551 milliard owó sẹ́fà. Ti 2026 gòkè dé 3,783 milliard. Àwa tí à ń gbé ẹ̀bá ibodè, etí wa kan wà ní Kútọ̀nù, èkejì wà ní Èkó. Ohun tí Faransé ń pè ní milliard ni Nàìjíríà ń pè ní bílíọ̀nù, ìyẹn ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù. Faransé náà ní "billion" tirẹ̀, ṣùgbọ́n tirẹ̀ yẹn ni Nàìjíríà ń pè ní trílíọ̀nù. Bí o bá gbọ́ ìròyìn ní Faransé, tí o sì tú u fún àbúrò rẹ ní Badagry, o lè fi ìlọ́po ẹgbẹ̀rún ṣìnà láìmọ̀. Mo ti gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi: ẹnìkan ní ìjọba wa fẹ́ ná bílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀, ará Nàìjíríà tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó ní ìyẹn kò tó owó gọ́tà ìjọba ìpínlẹ̀ kan lọ́dọ̀ àwọn. Bílíọ̀nù ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti ààbọ̀ ló yẹ kó sọ. Ká má tíì wá sọ pé náírà kì í ṣe sẹ́fà.

Bí ẹ bá fẹ́ fojú rí milliard kan ṣoṣo, ẹ mú owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin gbà, 52,000 sẹ́fà láti oṣù Kíní 2023. Milliard kan á san irú owó oṣù yẹn fún nǹkan bí 1,600 ènìyàn fún odindi ọdún kan. Bí ẹ bá sì pín gbogbo ètò ìṣúná 2026 fún àwa tí a tó mílíọ̀nù 14, ó lé díẹ̀ ní 270,000 sẹ́fà lórí kọ̀ọ̀kan wa, ọmọ ọwọ́ àti arúgbó. Nínú 270,000 yẹn ni ọ̀nà wà, ilé ìwé wà, gbèsè tí à ń san wà, ṣọ́jà náà sì wà. Mo sọ èyí fún oní-zémìjàn wa, ó ní kí wọ́n kúkú fún òun ní tòun lọ́wọ́.

Ìyẹn ló mú mi dé ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. A máa ń rò pé ètò ìṣúná jẹ́ àpótí owó tí wọ́n ṣí ní Ilé Ìgbìmọ̀, tí oníkálukú mú tirẹ̀ lọ. Kò sí àpótí kankan níbẹ̀. Òfin ni. Ìjọba ló ń kọ ọ́, á gbé e wá fún àwọn aṣòfin níhìn-ín ní Àjàṣẹ́ nígbà tí ìjókòó oṣù Kẹwàá bá ń sún mọ́lé, wọ́n á jiyàn lé e, wọ́n á dìbò kí ọdún tó parí, torí ọdún ìṣúná tiwa bẹ̀rẹ̀ ní 1 oṣù Kíní, ó parí ní 31 oṣù Kejìlá. Ohun tí òfin yìí ń sọ fún mínísítà kọ̀ọ̀kan ni pé: o lè ná tó báyìí, má kọjá rẹ̀. Kò sọ pé owó ti wà nílẹ̀. Bí ìyá bá sọ fún ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ pé bí òun bá tà lónìí, kó mú ẹgbẹ̀rún méjì fi ra bàtà, ọmọ yẹn ti gba ìyọ̀ǹda, kò tíì wọ bàtà. Ó kù sọ́wọ́ ọjà.

Ọjà ìjọba ni owó orí, owó ibodè, àti ohun tó ń ti èbúté Kútọ̀nù wọlé. Lórí ọ̀pọ̀ nǹkan tí à ń rà, 18 nínú ọgọ́rùn-ún ni owó orí ọjà tí wọ́n ń pè ní TVA. Àwọn tó ń kọ ètò ìṣúná ń fojú díwọ̀n iye tí yóò wọlé lọ́dún tó ń bọ̀, aládùúgbò sì lè da ìdíwọ̀n náà rú lóru ọjọ́ kan. Nàìjíríà ti ibodè rẹ̀ mọ́ ọjà ní oṣù Kẹjọ 2019, kò ṣí i títí di oṣù Kejìlá 2020. Kò sí ẹni tó máa ṣàlàyé ìyẹn fún ará Sẹ̀mẹ̀ tàbí ará Ìgólò. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní Niger ní oṣù Keje 2023, ọ̀nà Malanville tó lọ sí Niger náà há, bẹ́ẹ̀ ẹrù Niger wà lára ohun tó ń mú èbúté Kútọ̀nù kún. Nígbà tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, iye tí wọ́n dìbò fún kò ní yí padà nínú ìwé, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n lè ná á dín kù.

Bí owó bá tilẹ̀ wọlé, kò tíì dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n á kọ́kọ́ tọwọ́ bọ ìwé pé ìjọba jẹ ẹnìkan lówó tàbí pé ó fẹ́ jẹ ẹ́. Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọjà dé, bóyá iṣẹ́ parí, àti iye tó jẹ́ gan-an. Ẹni tó ní àṣẹ á ní kí wọ́n san án. Akápò á wá san án. Ẹni tó ń pàṣẹ kì í ṣe ẹni tó ń sanwó, òfin ló yà wọ́n, kí ẹnìkan má baà jẹ́ olè kó tún jẹ́ ọdẹ tó ń ṣọ́ olè. Ó ń fi nǹkan falẹ̀, mo gbà. Lójú ẹni tó ń retí bàtà ẹsẹ̀ nínú igbó, ìwà ìkà ni. Síbẹ̀ ìyá tó bá ti ní ìdí láti tọ́jú owó èsúsú ẹlòmíràn rí mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ibi tó ta kókó jù lọ nìyí, mo sì fẹ́ dúró níbẹ̀ díẹ̀.

Ẹ lọ wo Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin tuntun nínú ìlú yìí, lórí ilẹ̀ tó jẹ́ ti ọgbà ewéko tẹ́lẹ̀. Francis Kéré, ọmọ Burkina Faso, ló yàwòrán rẹ̀. Ó ní kó dà bí igi ńlá tí àwọn àgbà ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ìlú. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 2021. Ta ló lè kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ tán láàárín oṣù méjìlá? Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ìjọba bá tọwọ́ bọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú agbaṣẹ́ṣe, ó gbọ́dọ̀ ní ìyọ̀ǹda fún gbogbo ilé náà, láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, torí agbaṣẹ́ṣe kò ní gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé tí kò mọ̀ bóyá wọ́n á sanwó òrùlé rẹ̀. Owó tí yóò jáde lápò lọ́dún àkọ́kọ́, bóyá ìpìlẹ̀ àti ọ̀wọ̀n díẹ̀ ni.

Ìdí nìyí tí irú nǹkan báyìí fi ní ìlà méjì nínú ètò ìṣúná. Ìlà kan ń sọ iye àdéhùn tí ìjọba lè tọwọ́ bọ̀, Faransé ń pè é ní autorisation d'engagement. Ìlà kejì ń sọ iye owó tó lè jáde lọ́dún yẹn, wọ́n ń pe ìyẹn ní crédit de paiement. Òfin 2013-14, ti 27 oṣù Kẹsàn-án 2013, ni òfin tí wọ́n fi ń kọ ètò ìṣúná lọ́nà yìí ní ilẹ̀ wa, ó sì bá ìlànà UEMOA mu, àjọ ọrọ̀ ajé àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó ń ná sẹ́fà.

Ẹ wá gbé e bọ́ sọ́dọ̀ ṣọ́jà. Ká ní ìjọba fẹ́ ra ọkọ̀ ogun tó tó milliard 30, kí wọ́n máa kó wọn dé díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Èmi ni mo dá iye yìí sílẹ̀, ẹ má lọ sọ pé ẹ kà á níbì kan. Lọ́dún àkọ́kọ́, ìlà àdéhùn á gbé 30, ìlà owó á gbé 10. Lọ́dún kejì, àdéhùn òfo, owó 10. Ọdún kẹta bákan náà. Alátakò tó fẹ́ kí ìlú gbọ́ igbe rẹ̀ á mú 30 jáde lọ́dún àkọ́kọ́. Agbẹnusọ ìjọba tó fẹ́ kí ìlú sinmi á mú 10 jáde. Kò sí èyí tó purọ́ nínú wọn! Ọdún kejì á dé, ẹnìkẹta á dìde, á ní wọ́n tún ti ná 10 sí i, á rò ó mọ́ 30 ti èṣí, á di 40. Bẹ́ẹ̀ kò sí 40 níbì kankan. Mo ti rí irú ìṣirò yìí lórí WhatsApp, pẹ̀lú àwòrán ìbọn lókè rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn. Bí ẹ bá gbọ́ iye kan lórí nǹkan ìjà, ìbéèrè tó yẹ kó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu yín ni pé: iye àdéhùn ni, àbí iye owó ọdún yìí?

Ṣọ́jà fúnra rẹ̀ kò rí bí ọkọ̀. Ọkọ̀, ẹ̀ẹ̀kan lẹ ó rà á, lẹ́yìn náà epo àti ẹ̀yà ara rẹ̀ ló kù (èyí tí kì í ṣe kékeré lójú ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀). Ẹni tí ẹ gbà sí iṣẹ́ ológun lónìí, ẹ ó máa san owó oṣù rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ ó bọ́ ọ, ẹ ó wọ̀ ọ́ láṣọ, ẹ ó tọ́jú rẹ̀ bó bá fara gbọgbẹ́, lẹ́yìn náà owó ìfẹ̀yìntì, tàbí owó opó bí ó bá kú. Nítorí náà, èmi kì í fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù iye owó ìbọn. Iye àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́ ni mo máa ń wá nínú ìwé, torí òun ni yóò wà nínú ètò ìṣúná tí àwọn ọmọ wa á máa jiyàn lé lórí.

Kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ọ̀rọ̀ ààbò kò ní ìdí. Láti oṣù Kejìlá 2021 tí wọ́n kọlu àwọn ọmọ ogun wa ní Porga, ogun àwọn agbésùnmọ̀mí tó ti ń jó Burkina Faso àti Niger ti wọ Atacora àti Alibori ní àríwá wa. Oṣù Kíní 2022 ni ìjọba gbé iṣẹ́ ológun tí wọ́n ń pè ní Mirador kalẹ̀ láti ṣọ́ ibẹ̀, pẹ̀lú bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọmọ ogun. Ní 17 oṣù Kẹrin 2025, ìkọlù kan ní agbègbè igbó W, ọgbà ẹranko tó wà ní ibodè àríwá, pa ọmọ ogun 54, gẹ́gẹ́ bí ìjọba ṣe sọ. Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ Àìkú 7 oṣù Kejìlá 2025 dé, tí àwọn ológun kan jáde lórí tẹlifíṣọ̀n pé àwọn ti gba ìjọba. Wọn kò rí i gbà. Nàìjíríà náà rán ọkọ̀ òfuurufú ogun wá. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ owó ṣọ́jà kò ní orí kan mọ́. Àwọn kan ní ẹ fún wọn sí i kí wọ́n má baà bínú. Àwọn mìíràn ní ṣé àwọn tó fẹ́ gba ìjọba lẹ tún fẹ́ ra ìbọn fún?

Kí là ń pè ní ààbò gan-an? Ìbéèrè yìí dà bí ti ọmọdé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ogun wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ mínísítà ààbò. Ọlọ́pàá kò sí níbẹ̀. Láti 1 oṣù Kíní 2018 tí wọ́n ti da ọlọ́pàá àti ṣàǹdámù (ológun tó ń ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá) pọ̀ di Police républicaine, abẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé ni wọ́n wà, bẹ́ẹ̀ àwọn náà ń kú ní àríwá. Àjọ tó ń rí sí ìgbèríko ẹ̀bá ibodè, tó ń gbẹ́ kànga tó sì ń kọ́ ilé ìwé níbi tí ìjọba kò dé tẹ́lẹ̀, ṣé ààbò ni tàbí ìdàgbàsókè? Àwọn aṣọ́gbó Pendjari, ọgbà ẹranko tó wà ní Atacora, ńkọ́? Owó ìfẹ̀yìntì àwọn ológun àtijọ́ ńkọ́? Bí ẹ bá ka ilé iṣẹ́ mínísítà kan ṣoṣo, iye kan lẹ ó rí. Bí ẹ bá ka gbogbo ẹni tó ń gbé ìbọn fún ìjọba, iye mìíràn ni. Ẹ̀rọ tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi ta wá lọ́rẹ kì í ṣe owó tí àwa ná, bàálù tí Nàìjíríà fi wá sì ń jẹ nínú ètò ìṣúná Abuja, kì í ṣe tiwa. Olùṣèlú mẹ́ta lè pe iye mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ yìí kí gbogbo wọn sì fi Kùránì búra láìṣẹ̀.

Mo máa ń rántí Kétu nígbà tí mo bá ń ro èyí. Yàrà tí wọ́n gbẹ́ yí ìlú náà ká àti Akaba Ìdènà, ẹnubodè tí àwọn àlejò ń lọ wò dòní, kò sí ilé iṣẹ́ mínísítà tó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní iye: ẹni tó ń gbẹ́ yàrà lónìí kò sí lóko lónìí. Dàhọ̀mì sì kó ìlú náà ní 1886 pẹ̀lú yàrà náà níbẹ̀. Èmi kò fi ìyẹn sọ pé kí wọ́n má gbẹ́ ẹ. Mo kàn ń sọ pé iyàn tí à ń jà nídìí àbọ̀bọ̀ yìí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti jà á nídìí yàrà.

Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tún wà. Ẹ gbọ́ pé àwọn orílẹ̀-èdè NATO (ẹgbẹ́ ààbò Yúróòpù àti Amẹ́ríkà) pinnu ní oṣù Kẹfà 2025 pé àwọn á dé ìdá 5 lórí ààbò kí ó tó di 2035. Ẹ tún gbọ́ pé àwọn olórí Áfíríkà ṣèlérí ní Abuja ní 2001 pé ìdá 15 á lọ sí ìlera, àti ní Maputo ní 2003 pé ìdá 10 á lọ sí iṣẹ́ àgbẹ̀. Ẹnìkan á wá ní: ẹ wò ó, òyìnbó kò ná ju 5 lọ lórí ogun! Ìṣirò yẹn kò dúró. Ìdá 5 ti NATO jẹ́ ìdá nínú gbogbo ohun tí orílẹ̀-èdè kan pèsè tó sì tà lọ́dún, tìjọba àti taráàlú. Ìdá 15 ti Abuja jẹ́ ìdá nínú ohun tí ìjọba nìkan ń ná. Ìkòkò ọbẹ̀ méjì ni, ọ̀kan tóbi ju èkejì lọ níye ìgbà. Ṣíbí kan nínú èyí tó tóbi lè pọ̀ ju ṣíbí mẹ́ta nínú èyí tó kéré.

Ibo wá ni owó àfikún yóò ti wá? Níbí ni iyàn gidi wà, ó sì yà mí lẹ́nu pé òun ni a kì í sábà gbọ́. Ìjọba lè fi kún owó orí, ó lè gé níbòmíràn, tàbí kó yá owó. UEMOA ní kí àlàfo tó wà láàárín ohun tó wọlé àti ohun tó jáde má ju ìdá 3 lọ nínú ọrọ̀ gbogbo orílẹ̀-èdè. Wọ́n dá òfin náà dúró ní 2020 nítorí kòrónà. Àlàfo tiwa ju 5 lọ ní 2022, kí ó tó wálẹ̀ sún mọ́ 3 ní 2024. Nígbà tí o bá ti fi orí kan òrùlé báyìí, milliard kan tó bá lọ sí Alibori gbọ́dọ̀ kúrò níbì kan: bóyá lára ọ̀nà, bóyá lára owó olùkọ́, bóyá lápò ẹni tó ń ra ìrẹsì. Àwọn kan ní kí wọ́n yọ owó ààbò kúrò nínú ìṣirò àlàfo, torí àwa kọ́ la pe ogun. Mo gbọ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó yá wa lówó kò ní bi wá pé ìbọn la fi rà tàbí bẹ́ǹṣì ilé ìwé. Á kàn bi wá pé ọjọ́ wo.

Lórí gbèsè, ẹ ṣọ́ra fún gbólóhùn pé "owó tí wọ́n yá, ṣọ́jà ni wọ́n fi fún". Benin kọ́kọ́ lọ sọ́jà owó Yúróòpù ní oṣù Kẹta 2019, ó yá mílíọ̀nù 500 Yúrò, bí milliard 328 sẹ́fà. Ní oṣù Keje 2021 ó tún yá 500 mìíràn tí wọ́n so mọ́ omi, ilé ìwé àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé, ṣọ́jà kò fọwọ́ kan èyí kejì. Ṣùgbọ́n bí àna rẹ bá fún ọ lówó ilé ìwé ọmọ, owó tí o ti tọ́jú fún ilé ìwé tẹ́lẹ̀, ta ló ní kí o má fi tún odi ilé ṣe?

Àwọn aṣòfin ńkọ́? Ọwọ́ wọn kò gùn tó bí a ṣe rò. Abala 107 òfin ìpìlẹ̀ wa sọ pé aṣòfin kò lè dá àbá tó máa fi kún ohun tí ìjọba ń ná, tàbí tó máa dín ohun tó ń wọlé kù, àfi bó bá fi ibi tí owó náà á ti wá hàn. Kò lè kàn dìde kó ní ẹ fi milliard mẹ́wàá kún ti ilé ìwòsàn. Kíkọ gbogbo ètò náà pátá kì í sì í dá nǹkan dúró: ní òpin 2013, àwọn aṣòfin kọ ètò ìṣúná 2014 ti ìjọba Boni Yayi, ààrẹ ìgbà náà, àwọn ènìyàn ní ìlú á dúró gbagidi. Oṣù Kíní 2014 kò tíì lọ jìnnà tí ààrẹ fi àṣẹ gbé e jáde, iṣẹ́ sì ń lọ. Láti ìdìbò oṣù Kíní 2026, ẹgbẹ́ méjì tó wà lẹ́yìn ìjọba ló pín gbogbo àga 109. Ohùn alátakò kò sí nínú ilé náà mọ́, ó ti bọ́ sí ìdí tábìlì bíi ti ìyá wa yìí, níbi tí kò sí ẹni tó ní ìwé lọ́wọ́.

Ká tilẹ̀ ní ìwé lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ nǹkan ìjà ní aṣọ lórí. Òfin iṣẹ́ àgbàṣe ìjọba, ti oṣù Kẹsàn-án 2020, yọ ohun tí ààbò ilẹ̀ bá ní kó wà ní ìkọ̀kọ̀ kúrò nínú ìlànà tí gbogbo ọjà yòókù ń tẹ̀lé. Ó ní ìdí. Ẹ kò lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pé irú bàálù báyìí là ń rà, irú ihò báyìí ló wà nínú ọgbà wa. Ṣùgbọ́n aṣọ tó bo ìbọn lè bo ẹran tí ẹnìkan jí mọ́ ọn. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé à ń lo agbára wa níbi tí kò yẹ. Gbogbo wa ń jà ní oṣù Kejìlá, lọ́jọ́ tí wọ́n bá pe iye. Nígbà tí ọdún bá parí, ìjọba tún ní láti gbé òfin mìíràn wá, tí Faransé ń pè ní loi de règlement, tó ń sọ ohun tó wọlé gan-an àti ohun tó jáde gan-an, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí tirẹ̀. Cour des comptes, ilé ẹjọ́ ìṣirò tí àtúnṣe òfin ìpìlẹ̀ 2019 dá sílẹ̀, á yẹ ìṣirò náà wò. Iye tó wà níbẹ̀ ni yóò parí ìjà oní-zémìjàn àti Àlájì. Mi ò tíì rí rédíò tó dá ìjà sílẹ̀ nídìí àbọ̀bọ̀ lórí òfin yẹn rí. Nígbà tó bá fi máa jáde, a ti ń jà lórí ti ọdún mìíràn.

Mo sọ èyí tó ṣeé sọ nínú gbogbo rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, láàárín ṣíbí kan sí èkejì. Àlájì ń mi orí. Oní-zémìjàn ní kò yé òun dáadáa, ṣùgbọ́n òun á máa bi wọ́n léèrè àdéhùn tàbí owó. Ìyá tó ń bu epo sí ẹ̀wà fún ẹlòmíràn ló wá bèèrè èyí tí mi ò retí: "Owó orí tí mo san lórí ìrẹsì àná, èló nínú rẹ̀ ni ti ṣọ́jà?"

Mo ní kò sí ẹni tó lè mọ̀ ọ́n. Ìṣúra ìjọba jẹ́ ìkòkò kan ṣoṣo. Gbogbo owó orí ń wọ inú rẹ̀, gbogbo owó tí à ń ná ń ti inú rẹ̀ jáde, wọn kì í sàmì sí sẹ́fà kankan pé èyí ni ti ìwé, èyí ni ti ìbọn.

Ó wò mí, ó fi ìdí ìgbakọ lu ẹnu ìkòkò. "Àwọn ti ìjọba lè dà á pọ̀. Tèmi, owó ẹ̀wà wà lọ́tọ̀, owó epo wà lọ́tọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, ti àwo méjì tí ẹ jẹ dà?"